Àbẹ̀kẹ́, má fi oorun mi wọn tìrẹ

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.
Ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú àìsùn o. Mo mọ̀ pé ìgbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ òru dé ni wàá ráyè ka lẹ́tà yìí, ìyẹn ni mo fi kí ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé òtútù Manchester ti rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. O ní wákàtí mẹ́rin péré lò ń sùn báyìí, pé bí o bá sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ló ń ṣe ọ́ bí ẹni pé o jalè. O wá ní, "Àṣàkẹ́, mo ti dà bíi tìẹ, mo ti borí oorun." Tayọ̀tayọ̀ lo fi sọ ọ́. Èmi ò lè bá ọ yọ̀, torí mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ pé ọ̀tá ni oorun, pé èèyàn gbọ́dọ̀ borí rẹ̀ ni. Èmi ni. Èmi àti ọ̀gá wa.

Ṣé o rántí ọdún tí a fẹ́ gba fíríídọ̀mù, lálẹ́ ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀túnla? Aṣọ ẹbí tó wà nílẹ̀ lé ní ogún, wọ́n ti mú iná lọ, àtùpà la tàn. Èmi ń lẹ ọrùn bùbá, ìwọ ń rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo gbọ́ tí ìró maṣíìnì rẹ yí padà. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, orí rẹ ti wà lórí aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń tẹ maṣíìnì lọ, abẹ́rẹ́ ti gba èékánná rẹ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí léèsì oníléèsì. Ọ̀gá wa ò tiẹ̀ wo ìka ọ̀hún, ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn oorun, òṣì ni yóò rán wọ̀. Èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo tún fi kún un pé láti ìdájí ni mo ti jí, síbẹ̀ mi ò tòògbé. O ò fèsì. O fi àkísà wé ìka rẹ, o gbé léèsì náà lọ sídìí omi, o ń fọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́.

Kẹ́hìndé mi ló jẹ́ kí n tún rí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ìbejì ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oyún kan náà, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà, àmọ́ oorun wọn ò jọra rárá. Táíwò, bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti sùn fọnfọn. Kó tó di aago mẹ́fà ìdájí, o ó ti máa gbọ́ orin rẹ̀ nídìí kànga. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, àti jí láàárọ̀ wá dogun. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí i pé kó wá kàwé ìdánwò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, mo pè é títí ní balùwẹ̀, kò dáhùn. Mo ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àpótí, kànrìnkàn lọ́wọ́, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lápá, ó ti sùn lọ. Mo ti la ẹnu láti pè é ní ọ̀lẹ. Àfi bí mo ṣe rántí ìka rẹ. Mo bu omi sí i lára díẹ̀díẹ̀, mo bá a ṣan ọṣẹ náà kúrò.

Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ó ní ara ọmọ náà ló ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní melatonin, òun ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé lálẹ́, ìdí nìyẹn tí oorun kì í fi í tètè kun irú wọn, tí ilẹ̀ sì máa ń tètè mọ́ bá wọn. Wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọdún 14 sí 17 nílò. Ó fi ohun tí àjọ National Sleep Foundation ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2015 hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ọmọ tuntun, wákàtí 14 sí 17, ọmọ ọdún 6 sí 13, wákàtí 9 sí 11, àgbàlagbà bíi tèmi tìrẹ, 7 sí 9, ẹni tó bá ti lé ní 65, 7 sí 8. Mo wo ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́ẹ̀mejì. Àbẹ̀kẹ́, wákàtí márùn-ún ni ọ̀gá wa fún wa nígbà yẹn, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá pọ̀.

Ohun tó tún gbà mí lọ́kàn ni pé àlàfo wà láàárín 7 àti 9. Wákàtí méjì gbáko! Ìwọ náà mọ iṣẹ́ yìí, bí oníbàárà bá wọlé tí àyà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 44, ṣé a óò fi ìwọ̀n ẹni tó jẹ́ 34 gé aṣọ fún un, ká wá máa bá a wí pé ara rẹ̀ ló tóbi jù? Mo bá pinnu láti wọn oorun ilé wa. Nígbà ìsinmi Àjíǹde tí ṣọ́ọ̀bù dá, tí àwọn ọmọ wà nílé, mo ní kẹ́nikẹ́ni má jí ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí kálukú lọ sùn nígbà tí oorun bá kùn ún, kó sì jí nígbà tó bá jí. Inú ìwé tí mo máa ń kọ àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà sí ni mo ń kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé sun wákàtí mọ́kànlá mọ́kànlá, ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí. Gbèsè ló ń san. Lẹ́yìn náà ó dúró lójú wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Táíwò, mẹ́jọ. Bàbá wọn, méje àti díẹ̀. Èmi, mẹ́fà ààbọ̀, bó ti wù kí n tètè lọ sùn tó, ojú mi á là, ara mi á yá gágá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe rí, o mọ̀ wọ́n. Èmi rò pé akínkanjú ni mí ni, àṣé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Mo kà nípa àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní San Francisco, Ying-Hui Fu ni orúkọ ẹni tó ṣáájú wọn. Ní 2009, wọ́n rí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ tó fún látilẹ̀wá, nígbà tí àwọn ìbátan wọn tó kù ń sun mẹ́jọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà, jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tí wọ́n ń pè ní DEC2 ló yàtọ̀ lára wọn. Irú wọn ò sì pọ̀ láyé. Mi ò mọ̀ bóyá tèmi jẹ mọ́ irú rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé mi ò ṣiṣẹ́ fún un. Mo fi ohun tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe fọ́ńté sí ọ fún ọdún mẹ́ta tí a fi jọ sùn lórí ẹní kan. Dárí jì mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ èyí tipẹ́.

O lè sọ pé ara rẹ ti mọ́ wákàtí mẹ́rin náà, pé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Àwọn kan ní Yunifásítì Pennsylvania gbé ìwádìí jáde ní 2003. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa sun wákàtí 4 lóru, àwọn kan 6, àwọn kan 8, fún òru 14 gbáko. Nígbà tó fi máa parí, àwọn oníwákàtí 4 ti ń ṣe àṣìṣe bí ẹni tí kò fojú ba oorun rárá fún òru méjì. Bí o bá sì bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní oorun kàn ń kun àwọn díẹ̀ ni. Wọn ò mọ bó ṣe bà wọ́n jẹ́ tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń tẹ maṣíìnì lọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, tí ìwọ fúnra rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

O tún ní ìwọ lo máa ń wa ọkọ̀ padà sílé. Mo ṣírò rẹ̀. Aago kan ọ̀sán lò ń jí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì lò ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú. Wákàtí 19 nìyẹn. Àwọn kan wádìí rẹ̀ ní Ọsitirélíà ní 1997, wọ́n ní ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti dà bíi ti ẹni tó mutí débi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò fi ní gbà á láyè láti wakọ̀. Ìwọ tí o ò tiẹ̀ fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ! Mo bẹ̀ ọ́, bí ọkọ̀ èrò bá wà ládùúgbò yín, wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí, sùn fún ogún ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ kí o tó ṣíná sí i.

Mo mọ ìdí tí o fi ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Mo dé ibi ilé rẹ ní Ìlobùú lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti dé ibi lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì, ó dúró dáadáa. Koríko ò ní hù bò ó bí o bá yọ òru kan kúrò nínú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá hù, èmi á ro ó. Ilé lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ ìwọ fúnra rẹ la fẹ́ kó wá ṣílé.

Àbúrò ọkọ mi ní kí n sọ fún ọ pé kí o má mu kọfí mọ́ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára èèyàn. Ó ní bí o bá ń lọ sílé láàárọ̀, kí o wọ awò dúdú, pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tan ara jẹ pé ojúmọ́ ti mọ́. Tiyín tún wá le lásìkò yìí, tí oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, tí kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìgbà wo lara fẹ́ rí òkùnkùn?

Òkùnkùn yẹn ni mo fẹ́ rán sí ọ. Aṣọ dúdú kan wà lọ́wọ́ mi, ó nípọn, ó kù lára aṣọ ẹgbẹ́ tí wọn ò wá gbà. Mo fẹ́ fi rán kọ́tìnì fún ọ, màá fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ kó di ìṣẹ́po méjì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín níparí oṣù, òun ni màá fi rán. Jọ̀wọ́, fi téèpù wọn fèrèsé yàrá tí ò ń sùn, òró rẹ̀ àti ìbú rẹ̀, kí o fi íńṣì mẹ́fà mẹ́fà lé e lọ́tùn-ún àti lósì kí ìmọ́lẹ̀ má baà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sọ fún mi bóyá irin tàbí okùn lẹ fi ń gbé kọ́tìnì kọ́ níbẹ̀. Fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ kọ́kọ́ sùn ná.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́.