Bàbá, Ojú Kọ́ Ni Wọ́n Fi Mọ̀ Mí

Hamburg, Jámánì

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àdúrà. Ara mi le, Alhamdulillah, òtútù ibí nìkan ni èmi àti òun kò tíì mọwọ́ ara wa. Ẹ bá mi kí Ìyá mi. Ẹ sọ fún Wàsíù pé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò dé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé tí àwọn Jámánì bá wò mí lójú, ṣé wọ́n ń mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síwèé, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

Wọn ò mọ̀ o. Lọ́jọ́ tí mo bá wé ìborùn mi dáadáa, ará Sòmálíà ni mí. Lọ́jọ́ tí mo bá di irun, tí mo wọ àǹkárá, mo ti di ará Gánà nìyẹn. Àwọn ará Gánà pọ̀ ní Hamburg níbí, àwọn ni ojú onílùú ti mọ́, aláwọ̀ dúdú yòówù kó kọjá, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kà á sí. Obìnrin ará Tọ́kì tó ń ta ẹ̀fọ́ ní àdúgbò wa kò tilẹ̀ bi mí rí. "Gánà" ló sọ mí lórúkọ, mo sì ti ń jẹ́ ẹ.

Èmi, ọmọ ọmọ ẹni tí Gánà lé!

Ìtàn tí ẹ máa ń sọ fún wa lódẹ̀dẹ̀ ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ní nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà, pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní, ẹ̀yin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń fọ Twi, èdè àwọn ará Gánà, bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin Kumasi, kò sẹ́ni tó fura sí yín. Bàbá Àgbà ló há. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kò ṣe é bò mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n bá gbà, "Alata nìyẹn" ni, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Láyé ogun, ilà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ilé ọmọ tó bá sọnù. Ní Kumasi, òun ló tú àṣírí onílà. Ẹ ní wọ́n máa ń sọ pé ìwé tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ àwọn, bàbá àwọn ti tẹ̀ ẹ́ sójú àwọn láti kékeré, ìlú tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kò bá ti ìjọba mu.

Ojú tèmi dán, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ má rò pé mo bọ́. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, àwa bí ogójì la jókòó. Ọlọ́pàá méjì wọlé, wọ́n ń kọjá lára gbogbo ènìyàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti wá dúró pé kí n mú ìwé mi wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa tó jókòó tì mí, wọn ò wo ibi tó wà. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló ń rẹ́rìn-ín, ó ní ará Ọsirélíà lòun, ọjọ́ kẹta òun nìyí ní Jámánì, òun sì gbàgbé pásípọ́ọ̀tù òun sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọdún kẹrin mi nìyí, Bàbá. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan sọ fún mi pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Koblenz ti sọ ọ́ ní ọdún 2012 pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara nìkan béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn, pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe é fún láàárín Kassel sí Frankfurt ló pẹjọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìwé mi ti wà lọ́wọ́.

Ti báàgì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ rántí Ghana-Must-Go tí Ìyá mi fi di èlùbọ́ fún mi? Ẹni tí a jọ ń gbé ilé rí i, ó ní "Türkenkoffer!" Àpótí àwọn ará Tọ́kì nìyẹn. Láti ọdún 1961 ni Jámánì ti bá Tọ́kì ṣàdéhùn pé kí àwọn ènìyàn wọn máa wá ṣiṣẹ́, báàgì yẹn ni wọ́n fi ń kó ẹrù relé nígbà ìsinmi. Mo ní níbi tiwa, ará Gánà la fi sọ ọ́, torí àwọn tí ìjọba Shagari ní kí wọ́n máa lọ ní ọdún 1983. A jọ tú u wò. "China" ló wà lára rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì mọ̀ mí. Bàbá arúgbó kan ni, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ọmọ ìlú tí àwọn ò lè dá mọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í wo ojú, ìrìn àti bàtà ni. Wọ́n ní ará Amẹ́ríkà, ohùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ará Jámánì bíi tiwọn, jákẹ́ẹ̀tì òjò ló ń wọ̀ lọ síbi tí oòrùn ti ń ta, tó bá sì fẹ́ fi ọwọ́ ka nǹkan, àtàǹpàkò ló fi ń ka ení. Ó wá kan èmi: Sẹ̀nẹ̀gà? Rárá. Gánà? Rárá. Kamẹrúùnù? Inú bí wọn, wọ́n kọjú sí ògiri.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé tíì fún wọn. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi tẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ òsì mi wá ti ọ̀tún lẹ́yìn. Wọ́n gba ife náà, wọn ò mu ún. "Lagos!" Wọ́n ní ọdún 1975, ọkọ̀ àwọn wà lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tó tò sójú omi Èkó, símẹ́ǹtì ń dì mọ́ wọn nínú, kò sáyè àtiwọ èbúté. Ìgbà tí àwọn bá rí àyè bọ́ sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń ta ọsàn máa ń tẹ orúnkún bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn. Mo ní Ọ̀fà ni mo ti wá, Èkó kọ́. Wọ́n ní ìyẹn kò kan àwọn, àwọn ti jẹ.

Bàbá, èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra gàrí ní Steindamm, ìyá ará Gánà tó ni ṣọ́ọ̀bù kí mi ní Twi. Mo ní mi ò gbọ́ o, ọmọ Nàìjíríà ni mí, Yorùbá. "Ah, Alata!" Wọn ò fi bú mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n nawọ́ sí ọṣẹ dúdú lórí pákó, wọ́n ní "alata samina", ọṣẹ àwọn Alata. Wọ́n ní ọwọ́ obìnrin Yorùbá kan ni ìyá àwọn ti máa ń rà á, ìgbà tó lọ, ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo, ìyá àwọn kò sì ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́.

Mo ra méjì. Ẹni tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá ni màá fi ọ̀kan rán sí yín. Ẹ má jẹ́ kí Wàsíù fi fọ ọ̀kadà o. Kí ẹ tó fi wẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ pè mí, kí ẹ sọ fún mi bóyá bí èyí tí Ìyá Àgbà ń sè ní Kumasi ṣe rí nìyẹn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́