Adétóún, mú pẹ́ńsù dání kó o tó ṣí ìwé náà

Ìjẹ̀bú-Òde

Adétóún ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo ilé ń kí ọ. Ìwé tó o ní ó dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tó o kà á dé àárín, tó o wá lọ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó o lè mọ ẹni tó pa ọkùnrin náà, òun ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òǹkọ̀wé ti fọ́n gbogbo ẹ̀rí ká sínú ìwé kí ìwọ náà lè ṣà á jọ. Tó o bá ti ka òpin, kò sí ohun tó kù tó o fẹ́ ṣà mọ́.

Irú èyí tí mo fẹ́ kó o fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ẹni tó ń wádìí ọ̀ràn jẹ́ èèyàn bíi tiwa, tí kò níbọn, tí kò gun ọkọ̀ ìjọba. Miss Marple tí Agatha Christie kọ, tí odindi ìwé àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ jáde ní 1930, ìyá arúgbó abúlé ni. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju pé tó bá rí àlejò, á rántí ẹnì kan lábúlé tó ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Mma Ramotswe tí Alexander McCall Smith gbé jáde ní 1998, ọmọ Botswana ni, màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà tó fi rówó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí. Ní èdè tiwa, Lápàdé wà nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó bá a nílé. Ka ti Lápàdé ná, torí wàá gbọ́ ohùn àwọn èèyàn inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó o wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ olú ẹ̀dá ìtàn, torí ohun tó kọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí. Ká ní ẹnì kan kọ ọ̀kan nípa ìlú wa, tó fi ìyá onígàrí kan ní ọjà Òkè-Ajé ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ní orí kejì, ìyá náà á máa ṣàlàyé fún oníbàárà pé gàrí Ìjẹ̀bú kì í ní epo, pé ó funfun, ó kúnná, ó gbẹ, ó sì kan dáadáa torí pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Wàá fò ó, wàá ní ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni. Ní orí keje, afurasí kan á ní Ìjẹ̀bú-Òde lòun wà láti àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, òun tiẹ̀ ra gàrí Ìjẹ̀bú bọ̀ fún ìyàwó òun. Wọ́n á ṣí àpò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, òǹkọ̀wé á kàn sọ pé gàrí inú rẹ̀ pupa bí ẹyin adìẹ tí wọ́n dín, á sì kọjá lọ síbi òmíràn. Kò ní bá ọ tọ́ka sí i. Ẹni tó bá fiyè sí orí kejì ni ara rẹ̀ á ta.

Àmọ́ dúró díẹ̀. Gàrí pupa yẹn kò tíì sọ ọkùnrin náà di apànìyàn. Ó fi hàn pé ó purọ́ ni, ó tán. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ṣìnà. Nínú ìtàn wọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ń purọ́: ọ̀kan ń fi àlè pamọ́, ọ̀kan jẹ gbèsè, ọ̀kan ń bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí. Tó o bá ti ká irọ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, bi ara rẹ ohun tó ń fi irọ́ náà bò kó o tó fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án.

Ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé 40, kó o fa ìlà méjì kí ojú ewé kan lè di ọ̀nà mẹ́ta. Kọ orúkọ sí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹni náà àti ojú ewé tó ti kọ́kọ́ yọjú. Àkókò ni kó o kọ sí ti kejì: ọjọ́ wo, aago mélòó, níbo. Má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ Iléyá gan-an lòun wà ní Òjúde Ọba, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kọ ọ́ sílẹ̀ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀rí ló máa wọ ti kẹta. Fi R síwájú ohun tí olú ẹ̀dá ìtàn fojú ara rẹ̀ rí, kó o fi G síwájú ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí kò ní àṣẹ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa fi rí púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀, nítorí náà G á pọ̀ ju R lọ. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá dojú rú, pa àwọn G rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o wo ohun tó kù.

Ẹ̀rí tó tóbi jù kì í wà níbi tí ariwo wà. Wá a láàárín nǹkan mẹ́fà tí wọ́n kà ní ẹ̀ẹ̀kan náà, pàápàá ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Wá a nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fẹ́ sọ kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Wá a nínú ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìfẹ́ tó o bá ní sí olú ẹ̀dá ìtàn náà, ṣọ́ra fún un. Tí ìyá onígàrí bá dùn ún bá rìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a jẹ ìkọ́kọ́rẹ́ lálaalẹ́ á ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, o ò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé rẹ. Òǹkọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ju ìgbà méjì lọ, kódà kó jẹ́ àlùfáà tàbí ọmọdé.

Má kà ju ojú ewé 40 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Má dúró níbi tí orí parí sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi nǹkan dẹ ọ́ wọ orí tó kàn, tí ilẹ̀ á sì mọ́ bá ọ lórí ìjókòó. Àárín orí, níbi tí nǹkan ti rọlẹ̀, ni kó o ti pa ìwé dé. Tí ìwé bá ní ojú ewé 240, dúró ní 180. Kọ orúkọ ẹni tó o rò pé ó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é, àti ẹ̀rí méjì pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n wà. Tí ẹ̀rí kò bá pé méjì, padà sẹ́yìn, má tíì tẹ̀ síwájú. Tó o bá sì kùnà, tún orí mẹ́ta àkọ́kọ́ kà lẹ́yìn tó o bá parí ìwé, wàá rí ibi tí wọ́n ti gba ojú rẹ.

Àwọn ìwé kan wà tí wọ́n á ti sọ ẹni tó ṣe é fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ohun tó kù jẹ́ bóyá olú ẹ̀dá ìtàn á bọ́. Fún irú wọn, pa ìwé ìkọ̀wé tì, kà á lọ.

Tó o bá ń ra àlòkù, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ya jù. Má ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni kó o máa wò, kó o ṣí i láti ogún ojú ewé tó kẹ́yìn, kó o rí i pé ọ̀kan ò fò. Wo ẹ̀yìn èèpo iwájú pẹ̀lú, torí àwọn kan máa ń fi bírò kọ orúkọ apànìyàn síbẹ̀. Ní kí ẹni tó ń tà á bá ọ wò ó.

Mo ti di Àjà Ló Lẹrù kan fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Nọ́ńbà rẹ̀ pé títí dé òpin. Pẹ́ńsù wà nínú rẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.