Kí o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ṣómólú, Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni ọyẹ́ Kàdúná? Ṣé ètè yín ò tíì là? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, kí o gba yàrá kan ní Ṣómólú níbí, kí o máa ṣe ìwé ètò òkú àti káàdì ìyàwó fún oníbàárà tìrẹ, kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ mọ́ pé aago mélòó lo dé. Mi ò ní kí o má wá o. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ nìkan lo kọ sínú lẹ́tà. Jẹ́ kí n kọ apá tó korò sí ọ, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò.

₦300,000 tí wọ́n ń san fún ọ lóṣù, òun nìkan kọ́ ni ọ̀gá rẹ ń ná lórí rẹ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá 10 nínú 100 kún un, kí wọ́n sì yọ 8 lára tìrẹ. Iná ọ́fíìsì, dátà, kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, ọrùn ọ̀gá ni gbogbo ẹ̀ wà. Ibà dá ọ dùbúlẹ̀, owó oṣù ṣì pé. Níbí, ibà ọjọ́ mẹ́rin, òfo ọjọ́ mẹ́rin ni, oníbàárà á sì tún máa bínú.

Mú bírò. Ọ̀sẹ̀ 52, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, 260 ni. Yọ bíi 30 fún ọlidé, ibà, òkú ẹbí àti òjò tí kì í jẹ́ kéèyàn jáde: ó ku 230. Nínú ọjọ́ márùn-ún, ka méjì sí ti wíwá iṣẹ́ àti sísin gbèsè, kò sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn: ó ku 138. Owó rẹ ọdún kan, ₦3,600,000. Fi ₦360,000 ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá ń san kún un, ₦600,000 fún iná àti dátà, ₦240,000 fún ilé ìwòsàn àti kọ̀ǹpútà. Ó di ₦4,800,000. Pín in sí 138: ọjọ́ kan tí o bá jókòó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú bíi ₦35,000 wálé, kí o ṣì wà lójú kan náà tí o wà ní Kàdúná. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́ yìí, 300,000 ni wọ́n ń pín sí ọjọ́ iṣẹ́ 22 inú oṣù, wọ́n á rí bíi ₦13,600, ìyẹn ni wọ́n á fi dá iye lé iṣẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti ń ta fíríìjì.

Iṣẹ́ gan-an wá ńkọ́? Ká mú ìwé ètò òkú, ojú ewé 24. Ìwé tí wọ́n bá fi píìnì dì láàárín, mẹ́rin mẹ́rin lojú ewé rẹ̀ ń lọ. Tí ẹbí bá tún gbé fọ́tò ojú ewé méjì wá lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò lè di 26, 28 ló máa dà, owó pépà sì ti yí padà nìyẹn. Tí o kò bá tètè sọ ọ́ fún wọn, àpò rẹ lowó ọ̀hún máa ti jáde. Àṣìṣe tún wà. Iṣẹ́ aláwọ̀ kíkún, plate mẹ́rin ló ní, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ íǹkì sórí pépà: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú. Tí wọ́n bá ṣi orúkọ olóògbé kọ, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ dúdú lórí funfun, plate dúdú nìkan lẹ máa tún ṣe. Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà bá jẹ́ funfun lórí fọ́tò, ó di gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí inú íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti gé lẹ́tà yẹn jáde. Nítorí náà, orúkọ, ọjọ́ àti ibi ìsìnkú, dúdú lórí funfun ni kí o kọ wọ́n. Tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ẹbí kà á, kí wọ́n fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Má gba "ó dáa" orí WhatsApp. Ojú fóònù ń tanná, pépà kì í tanná: àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yòò lórí fóònù á ṣú lórí pépà, wọ́n á ní o ba ojú bàbá àwọn jẹ́.

Gba ìdá 70 nínú 100 kí o tó lọ ra pépà, kí 30 tó kù wọlé kí páálí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú, owó ti bá ẹran àti ọtí lọ. Ẹ̀gbọ́n á ní kí o pe àbúrò, àbúrò á ní Bọ̀dá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń san án.

Ti iná: má bi éjẹ́ǹtì ilé bí iná ṣe ń wá, onígbàjámọ̀ àdúgbò ni kí o bi. Wákàtí 20 ó kéré tán ni iléeṣẹ́ iná ń ṣèlérí fún àdúgbò tí wọ́n kà sí Band A lójúmọ́, 12 fún Band C, òpópónà méjì tó kọjú síra sì lè máà sí lórí wáyà kan náà. Inverter tí o béèrè, bátìrì 12V, 200Ah, iná 2,400Wh (12 lọ́nà 200) ló lè gbé, lẹ́nu lásán. Bátìrì olómi, má fà á kọjá ìlàjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíá ló máa kú. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀, ká ní 1,000Wh ló kù. Láptọ́ọ̀pù 65W, fáànù 60W, ráútà àti gílóòbù 20W: wákàtí bíi méje ni. Bí wọ́n bá mú iná wá fún wákàtí mẹ́rin péré, tí ṣájà rẹ̀ ń fa 20A, 80Ah ló wọlé, o sì ti fa 100Ah. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, inverter á máa pariwo lóru.

Owó ilé ni tìrẹ máa le sí jù. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kò gba kí wọ́n béèrè ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ wọ́n á béèrè méjì, pẹ̀lú owó éjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì. Wọ́n á tún wò ọ́ lókè nílẹ̀: "Ilé-iṣẹ́ wo lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́?" Obìnrin tó ń dá gbé, tó ń jí ní aago mẹ́wàá torí pé iná dé lóru, ojú wo ni wọ́n máa fi wò ó? Lọ forúkọ òwò rẹ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí o mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà lọ bá onílé. Kò sí kọ́píréétì ọ́fíìsì tó máa yá ọ lówó ilé níbí. Bá alájọ dá ₦3,000 lójúmọ́. Ọjọ́ kan ló máa mú nínú oṣù, ìyẹn ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Máa gbà á lóṣooṣù, má jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹbí á sọ ọ́ di ìránṣẹ́: "Ìwọ tó wà nílé, bá wa dúró de onígáàsì." Sọ fún wọn pé ibi iṣẹ́ lo wà, kí o sì pa fóònù. Owó orí, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá ni kí o ti kọ tìrẹ ránṣẹ́ sí LIRS, iléeṣẹ́ owó orí Èkó, torí kò sí ọ̀gá tó ń yọ ọ́ fún ọ mọ́. Ìwé ẹ̀rí owó orí ni àwọn tó fẹ́ gbéṣẹ́ ńlá fún ọ máa kọ́kọ́ béèrè, ti ọdún mẹ́ta.

Má wá wo ilé ní oṣù kejì. Wá ní oṣù kẹfà, ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí o wo ìsàlẹ̀ ògiri: ibi tí ìlà omi bá dé, bátìrì rẹ kò gbọdọ̀ jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Mú kúlíkúlí dání. Gààrí Ìjẹ̀bú wà nílé.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́