Bàbá mi, ẹ bi mí pé èló ni wọ́n ń san

Bronx, New York

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ara wa le níbí, àwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́, òtútù sì ti ń yọjú, ṣùgbọ́n kò tíì débi ariwo.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí, ẹ bi mí pé èló ni wọ́n ń san fún mi ní ilé tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní wọn kì í san nǹkan kan. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wá ní, "Ṣé iṣẹ́ ti tán ní Amẹ́ríkà ni?" Kí n tó fèsì, fóònù já. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ṣì wà níbẹ̀, mi ò fi í sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ síbi kejì yìí. BronxNet ni wọ́n ń pè é, inú ọgbà Lehman College ló wà, rélùwéè Nọ́ńbà 4 ló ń gbé mi débẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba bíi NTA, kì í sì í ṣe ti olówó kan tó ń wá èrè. Ará àdúgbò tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà, kí ó sì ṣe ètò tirẹ̀.

Mo mọ̀ yín, ẹ ó ní ta ló wá ń san owó iná. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta tẹlifíṣọ̀n oníwáyà, abẹ́ títì ìlú ni wọ́n ń gbẹ́ kí wáyà wọn tó lè dé ilé oníbàárà. Ìlú ló ni ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ tó ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe ń san, ọ̀dọ̀ wọn sì ni owó tí a fi ń ṣe ètò ti ń wá. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1984 ní ìṣákọ́lẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tí wọ́n ń pa lórí tẹlifíṣọ̀n náà lọ, ìlú sì lè ní kí wọ́n ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú òfin náà ni pé oníwáyà kò láṣẹ láti sọ ohun tí ará ìlú yóò sọ lórí ìkànnì yẹn, àfi bó bá jẹ́ ìṣekúṣe.

Kí òfin tó dé ni wọ́n ti ń ṣe é ní Manhattan, láti oṣù Keje 1971. Olùkọ́ Yunifásítì kan tó ń jẹ́ George Stoney wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Kánádà ló ti rí i pé bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà fún tálákà láti fi sọ tẹnu rẹ̀, àwọn aláṣẹ a máa tẹ́tí.

Ẹ ó rántí ohun tí ẹ máa ń sọ fún wa nípa Awólọ́wọ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ sí Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì, wọ́n kọ̀. Nígbà tó di 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV, tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba rẹ̀ dá sílẹ̀, ti ń tàn ní Ìbàdàn, ẹ sì ń fi "àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà" yangàn títí dòní. Ó tọ́ sí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mòrókò ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú wa. Ṣùgbọ́n Bàbá, olórí ìjọba ni Awólọ́wọ̀, owó kòkó wà lápò Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí kò ní kòkó ńkọ́?

Obìnrin ará Gáḿbíà kan wà tó ń di irun nítòsí wa. Onílé rẹ̀ kì í mú ilé gbóná. Òfin New York ní láti 1 oṣù Kẹwàá títí di 31 oṣù Karùn-ún, bí ìta bá tutù ju ìwọ̀n 55 Fahrenheit lọ lọ́sàn-án, inú ilé kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 68 lọ. Kóòtù òtútù ni àwọn ọmọ obìnrin yìí ń wọ̀ sùn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá ò ní wá, torí ilé ò jó, èèyàn ò kú. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú kámẹ́rà mi tó ń rojọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín pé onílé sá wá tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Kò wá. Àwọn ará ilé mìíràn ló wá, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn.

Ohun tí mò ń ṣe gan-an? Kámẹ́rà kejì ni tèmi. N ó gbé bébà funfun síwájú rẹ̀ kí ó lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun, kí ojú èèyàn má bàa pọ́n bí epo. Ẹni tó ń darí ètò yóò máa sọ̀rọ̀ sí mi létí láti yàrá kejì, ẹlòmíràn yóò máa fi ìka ka ìṣẹ́jú tó kù fún olóòtú. Bí a bá parí, wáyà kíká ló kù, wọn kì í sì í tètè fi kámẹ́rà lé ẹni tí kò mọ wáyà ká lọ́wọ́.

Ìyá Ìjẹ̀bú kan wá rí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wa tí kò gbọ́ Yorùbá. Gèlè rẹ̀ ga débi pé gbogbo bí mo ṣe ń sún kámẹ́rà sẹ́yìn, ṣóńṣó rẹ̀ ò wọlé. Iyùn ipele mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀. A há máìkì kékeré mọ́ búbà rẹ̀. Bó bá ti mí, iyùn á lu máìkì, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Ọmọ Dominican tó ń gbọ́ ohùn ní ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n rán èmi sí i, ṣé ọmọ rẹ̀ ni mí. Màmá ní òun ò lè bọ́ iyùn òun nítorí ẹ̀rọ. A bá há máìkì sí etí gèlè, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete!

Kì í ṣe gbogbo ètò ló dára o. Òmíràn wà tó máa ń wá fi odindi wákàtí kan sọ àsọtẹ́lẹ̀ òpin ayé, ó máa ń ṣe mí bíi kí n pa iná. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn èèyàn ń já wáyà sílẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò báyìí, bí oníbàárà oníwáyà bá sì ti ń dín, ìṣákọ́lẹ̀ ń dín náà nìyẹn.

Bàbá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mo fẹ́ ṣe ètò kan lórí àwọn tó kọ́kọ́ rí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ta ni? Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lójú fèrèsé? Kí ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀? Kí àbúrò mi fi fóònù rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀: kí ó dá fóònù náà ní ìbú, kí ẹ má kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá wọ agbádá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ká apá rẹ̀ sókè ní gbogbo ìgbà, ariwo rẹ̀ máa ń wọ máìkì. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Kí ó fi ránṣẹ́ sí mi bíi fáìlì, torí WhatsApp máa ń ba fídíò jẹ́.

Owó oògùn Màmá yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àjàní yín