Bí òbí yín bá dé London, ẹ mú wọn dé Canterbury

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín nítorí àwọn ọmọ wa tó ń gba òbí lálejò ní London. Olùkọ́-fẹ̀yìntì ni mí, ọmọ Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, mo lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Peckham. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjà la ń ná kiri. Bí a bá kúrò níbi bàtà, ó di ibi kóòtù. Orúnkún mi kọ̀ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 16, ló ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ sí Canterbury." A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Victoria, ó gbà wá tó wákàtí kan ààbọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì dùn mí, torí àárọ̀ ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà á. Bí a ti ń jáde ní ibùdókọ̀ báyìí, odi ìlú àtijọ́ la kọ́kọ́ rí.

Inú kàtídírà ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun mẹ́rin ti fi idà pa Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket lọ́dún 1170. Àwọn olùjọsìn ń rọ́ wá síbi ojúbọ rẹ̀ títí Ọba Henry Kẹjọ fi ní kí wọ́n wó o ní 1538. Àbẹ́là kan péré ló ń jó níbẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti jẹ àtẹ̀gùn òkúta tó gòkè lọ síbẹ̀, ó jin kòtò bí ọlọ tí ìyá mi fi ń lọ ata. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa á.

Àmọ́ kì í ṣe Becket ló gbé mi dé ìdí kíkọ lẹ́tà. Kàtídírà yìí náà ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní June 29, 1864. Òṣoògùn tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821 kò jìnnà sílé wa. Ọkọ̀ ogun Myrmidon ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún kejì. Leeke tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà wà ní kàtídírà lọ́jọ́ ìjoyè yẹn, lẹ́yìn ọdún 42! Ìyáàfin Weeks tó kọ́ ọ níwèé ní Sàró náà wà níbẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ náà. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ti Becket níléèwé, ti Àjàyí ló ṣàjèjì sí i. Mo rí i tó ń tẹ fóònù, inú ti fẹ́ máa bí mi, àṣé Òṣoògùn ló ń wá lórí máàpù. Ó pe orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Brighton, sí ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas lórí òkè, níbi tí Àìná ọmọ Ẹgbádò, tí òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ti ṣègbéyàwó ní August 14, 1862. Atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba abetí-ajá lórí mi. Ìyá ọmọ náà bá wa lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti lo ọdún 22 ní London, kò débẹ̀ rí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ìsẹ́yìn.