Lẹ́tà sí Àjàní: Ìdí Tí Alágbára Fi Ń Pàdánù Ogun

Òkèṣà,
Iléṣà.

Àjàní ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Ìyàwó rẹ àti ọmọ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti padà sí Ìbàdàn ní àlàáfíà. Ọmọ ti ń sáré kiri báyìí, kò gbà kí wọ́n pọ̀n ọ́n mọ́.

Mi ò tíì gbàgbé ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ tí ìwé dé láti iléeṣẹ́ ológun pé kí o máa lọ sí Màídúgùrì. O ní, “Màmá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, kí ló dé tí ọmọ ogun tó ní ọkọ̀ òfurufú àti àgbá kì í fi lè ṣẹ́gun àwọn tó ń gun ọ̀kadà nínú igbó?” Mi ò fẹ́ fi ìkánjú dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ̀mí tìrẹ sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: má ṣe gbà pé alágbára kì í borí. Ó ń borí o. Àwọn ìlú kékeré tí ogun ńlá pa rẹ́, kò sẹ́ni tó kù tí yóò pìtàn wọn, ìdí nìyẹn tí ìtàn àwọn tó bọ́ fi kún etí wa. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Ivan Arreguín-Toft, yẹ àwọn ogun tí alágbára bá aláìlágbára jà wò láti 1800 wá. Láàárín 1800 sí 1849, bí wọ́n bá ja mẹ́wàá, alágbára ń borí nínú nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1998, aláìlágbára ló borí nínú ohun tó lé ní ìlàjì. Bẹ́ẹ̀, ìbọn alágbára kò dínkù láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ibòmíràn ló yẹ ká ti wá ìdí rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wa níbí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà yìí. Nígbà náà, ṣàṣà ni ìlú tó lè dúró níwájú Ìbàdàn nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń ṣàkóso fún wọn, sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ewúrẹ́ onílé, ọmọ onílé, ìyàwó onílé, kò sí èyí tí ọwọ́ wọn kò lè tó. Ìwà yìí ló sú Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí tó fi yọ idà sí wọn lọ́dún 1878, tí ilẹ̀ Èkìtì sì gbaná. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn na àwọn tó gbógun wá sí Ìkìrun nínú ogun Jálumi. Wọ́n nà wọ́n débi pé odò gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ bí wọ́n ti ń sá. Bó bá jẹ́ iye òkú la fi ń mọ ẹni tó borí, ogun ì bá ti parí sí Ìkìrun. Kò parí. Wọ́n tún pàdé lórí òkè, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọn kò sì tú bùdó ká títí di ọdún 1893. Ìyẹn ni Kírìjì.

Wò ó dáadáa, Àjàní. Ìbàdàn kò ja ogun kan ṣoṣo. Wọ́n ń bá Ìlọrin jà ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ wà nílẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì ti dí ọ̀nà Èkó mọ́ wọn kí ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun kan yìí ni tiwọn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Sàró tó bọ́ lóko ẹrú, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó jọ, wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì ń gba ọ̀nà Oǹdó fi í ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń yin ṣakabùlà gbọ́dọ̀ dúró kó da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, kó ju ọta sí i, kó fi ọ̀pá gún un wọlé, kó tó gbé e sójú. Ẹni tó ní ìbọn tuntun yìí kàn ń ṣí ìdí rẹ̀ ni, á ki ọta kan bọ̀ ọ́, á dé e, á yìn ín, ọta rẹ̀ sì ń dé ibi tí ti ṣakabùlà kò lè dé láéláé. Báyìí ni owó àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Èkó ṣe dá ogun ńlá dúró lórí òkè.

Ìmọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ògèdèǹgbé tó ṣíwájú wọn, Ìbàdàn ti mú un lẹ́rú rí, ó ti gbé láàárín àwọn jagunjagun wọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ìbàdàn kò mọ Ìjẹ̀ṣà tó bẹ́ẹ̀, torí ìgbà wo ni ẹni tó ń jọba léni lórí máa ń ráyè kọ́ ìwà ẹni?

Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí bùdó lọ́dún 1885. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìgbájọ àti àwọn ìlú bíi mélòó kan kù sọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lé Ìbàdàn dé Ọjà'ba, àárín ìlú wọn. Kò sídìí fún un. Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun kó tó lè sọ pé òun borí, àwọn tiwa ṣáà gbọ́dọ̀ má parun ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun méjèèjì yìí ni gbogbo ìdáhùn ìbéèrè rẹ, ọmọ mi. Má sì jẹ́ kí àwọn àna rẹ rò pé mo ń fi ìtàn yìí bú wọn. Akọni ni wọ́n jẹ́. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé òyìnbó ló wá kó èrè ogun náà, tí ẹni tó jà àti ẹni tí wọ́n bá jà jọ bọ́ sábẹ́ ọ̀gá kan náà.

Òṣómàáló ni bàbá àgbà rẹ tó bí mi, o mọ̀. Ó ń ru aṣọ lọ sí abúlé tí kò ti ní ará, á tà á láwìn, á padà lọ gbowó lẹ́yìn ìkórè. Olóko ńlá ni onígbèsè míì, ó lóyè, ó lọ́mọ tó lè fi kùmọ̀ lé àlejò jáde. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá á ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Onílé fẹ́ lọ sóko, ó fẹ́ gbàlejò, ó ní ìpàdé ní ààfin. Bàbá kò níbì kan tó ń lọ, gbogbo ohun tó ní wà nínú aṣọ yẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, owó á jáde. Agbára onílé kò dínkù o, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò tó nǹkan lójú rẹ̀ tó bó ṣe tó lójú bàbá.

Ohun tó ṣe Amẹ́ríkà ní Vietnam nìyẹn, tó kọ́kọ́ ṣe Faransé níbẹ̀. Faransé lọ jókòó sí àfonífojì kan tó ń jẹ́ Dien Bien Phu, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè gbé àgbá ńlá gun òkè tó yí àwọn ká. Àwọn ará Vietnam fi okùn àti ọwọ́ fa àgbá gun òkè náà. Kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi kó oúnjẹ àti ọta. Wọ́n so igi mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó lè gùn, wọ́n so òmíràn mọ́ ìjókòó, ẹnì kan á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa tì í. Kẹ̀kẹ́ kan lè ru ẹrù tó lé ní 200 kílò báyìí, gba inú igbó, lóru. Lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1954, Faransé juwọ́ sílẹ̀.

Amẹ́ríkà rí èyí, síbẹ̀ wọ́n wọ̀ ọ́. Nígbà tó fi di 1968, ọmọ ogun wọn níbẹ̀ ti lé ní 500,000. Iye òkú ni àwọn ọ̀gágun wọn ń kà, tí wọ́n fi ń sọ nílé pé ogun ti ń parí lọ. Lóṣù kìíní ọdún náà, lásìkò Tet, ọdún tuntun àwọn ará Vietnam, àwọn ọ̀tá wọn kọlu ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Amẹ́ríkà lé wọn padà, wọ́n sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nílé, torí àwọn tí wọ́n sọ fún pé ogun ti ń parí fi ojú ara wọn rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò parí. Kí oṣù kẹta tó jáde, Ààrẹ Johnson ti kéde pé òun kò ní dupò mọ́. Ní 1973, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kúrò. Ní 1975, Saigon, olú ìlú àwọn tí Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn, ṣubú. Ọmọ Amẹ́ríkà tó kú lé ní 58,000. Ti àwọn ará Vietnam lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó rọrùn fún aláìlágbára láti borí, rántí iye yẹn.

Ti Afghanistan kò gba àlàyé púpọ̀. Rọ́ṣíà wọ̀ ọ́ ní 1979, wọ́n jáde ní 1989. Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ ní 2001, wọ́n jáde ní 2021. Ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ tí wọ́n sì ń sanwó fún níbẹ̀ túká kí ọkọ̀ òfurufú tó gbé Amẹ́ríkà kẹ́yìn tó gbéra. Nínú orúkọ tí wọ́n fi ń gbowó oṣù, ọ̀pọ̀ ni kò ní ènìyàn lẹ́yìn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ owó oúnjẹ rẹ̀ kò ní kú nítorí ọ̀gá náà.

Mo wá fẹ́ kí o gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti yàtọ̀. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì jà fún ilé wọn, àwọn ará ilé sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn Boko Haram tó kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok lọ́dún 2014, tí wọ́n ń jó ọjà àti abúlé, ará abúlé yẹn gan-an ni wọ́n ń pa. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Màídúgùrì gbé igi àti àdá lọ́dún 2013, tí wọ́n ń tọ́ka ilé tí àwọn Boko Haram sá pamọ́ sí fún sójà, wọ́n rí àwọn Boko Haram lé kúrò nígboro. Ọmọ àdúgbò mọ ohun tí àgbá kò mọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí sójà bá na àgbàlagbà kan níwájú ọmọ rẹ̀, tàbí tó gba adìyẹ obìnrin kan lójú ọ̀nà, ó ti di ajẹ́lẹ̀ nìyẹn. Má ṣe é, má sì gbà kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ṣe é lójú rẹ. Jẹ́ kí owó oúnjẹ wọn dé ọwọ́ wọn pé pérépéré. Bí wọ́n bá ní kí o kọ iye òkú ránṣẹ́, kọ òótọ́. Ṣùgbọ́n fúnra rẹ, iye ọjà tó ń ná àti iye oko tí wọ́n tún ń ro ni kí o máa kà. Bí ọ̀gá rẹ bá rán ọ níṣẹ́, bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, kí la máa rí tí a ó fi mọ̀ pé ó ti parí?”

Hausa tí o gbọ́ kò tó. Wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní Kànúrí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àgbàlagbà ni kí o wá, kó lè máa pìtàn ìlú fún ọ. Mo ti di oògùn ibà pẹ̀lú àádùn tí o fẹ́ràn, àbúrò rẹ yóò gbé e wá sí Ìbàdàn kí o tó lọ. Pè mí tí o bá gúnlẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.