Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: òùngbẹ tí Durkheim rí àti èyí tí Buddha rí

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ó dá mi lójú pé àlàáfíà ni o wà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè kọ ojú-ewé mọ́kànlélógún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ayọ̀ ni mo fi kà á, nítorí inú mi dùn pé ọmọ tí mo bí ń bá Marx, Durkheim àti Weber, àwọn àgbà onímọ̀ àwùjọ, jiyàn bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìgbà kejì, bíró pupa wà lọ́wọ́ mi, bí ó ti máa ń wà ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ àwùjọ, ibi tí mo sì ti kọ́kọ́ fa igi ni gbólóhùn rẹ tó sọ pé ohun kan náà ni Durkheim àti Buddha, olùkọ́ Íńdíà àtijọ́ tó dá ẹ̀sìn Buddha sílẹ̀, ń sọ. Gbólóhùn yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi fóònù sọ tán.

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti yà, mo gbà pé ohun tí o rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ìjọba ológun gba àbá ìgbìmọ̀ Údòjì wọlé ní ọdún 1974, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba owó oṣù tuntun pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi gbé rédíógíràámù wọlé. Pákó rẹ̀ ń dán bí ara ẹṣin, òkè ni ìdérí rẹ̀ ń ṣí sí, ìyá mi sì fi aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní alaalẹ́, bàbá mi a jókòó tì í, a máa nu àwo orin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé e sí i. Lẹ́yìn náà ni ará ilé kejì ra tirẹ̀, ó tóbi ju tiwa lọ, ohùn rẹ̀ sì ń dé ojú títì. Láti ọjọ́ náà ni tiwa kò ti dùn létí bàbá mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kiri, ó yá owó lé owó, nígbà tí owó ọjà sì gbówó lórí, owó tuntun náà kò ra ohun tí ti àtijọ́ ń rà mọ́. Bàbá mi kò pàdánù ohunkóhun ní ọdún yẹn, síbẹ̀ n kò rí i kí ojú rẹ̀ fà ro tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ka ìwé tí Durkheim kọ ní ọdún 1897 lórí àwọn tó ń pa ara wọn, mo sì dé ibi tó ti ṣàlàyé pé kì í ṣe ìgbà tí ọjà bá wó nìkan ni irú ikú bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i, pé ìgbà tí ọrọ̀ bá ya wọ ìlú lójijì náà ń mú un pọ̀, nítorí pé ìwọ̀n tí oníkálukú mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń sọ fún un pé ibi báyìí ni kí ìfẹ́ rẹ̀ dúró, ti fọ́, kò sì sí ìwọ̀n tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Ipò àìníwọ̀n yìí ló pè ní anomie. Mo pa ìwé náà dé, mo sì rí bàbá mi níwájú mi lẹ́bàá rédíógíràámù. Nígbà tí mo wá ka ìwàásù àkọ́kọ́ tí Buddha ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ní ọgbà àgbọ̀nrín ní Sarnath, mo rí i pé òtítọ́ kejì nínú Òtítọ́ Mẹ́rin rẹ̀ dárúkọ tanha gẹ́gẹ́ bí orísun ìjìyà, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì túmọ̀ sí gan-an ní èdè Pali, èdè àtijọ́ tí a fi pa ìwàásù rẹ̀ mọ́, ni òùngbẹ. Nítorí náà n kò lè bá ọ wí pé o rí ìjọra. Èmi náà rí i, ó sì gbọ̀n mí.

Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, Àjọkẹ́. Ní ti Durkheim, ìfẹ́ ènìyàn kò ní ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara ẹranko a máa sọ fún un pé ó yó, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ara wa tó ń sọ fún wa pé owó tó tàbí pé ọlá tó. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi ìwọ̀n sí i ni agbára kan tó ga ju ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún, àwùjọ ni agbára náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ lórí pínpín iṣẹ́, ní ọdún 1902, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ló ní kí a tún gbé dìde, kí ìlànà wọn lè di àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mú. Kò ní kí òùngbẹ tán. Igbá tí a ó fi máa wọn omi fún un ló ń wá.

Buddha kò wá igbá. Lójú rẹ̀, òùngbẹ tí a wọ̀n ṣì jẹ́ òùngbẹ. Ó tọ ipa rẹ̀ sẹ́yìn nínú ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá tó so mọ́ra: ojú rí ohun kan, ara mọ̀ ọ́n lára, láti inú mímọ̀-lára yìí ni òùngbẹ ti ń bí, òùngbẹ sì ń bí ìdìmú. Ẹni tó bá rí okùn yìí bó ti ń so, tó sì kọ́ ara rẹ̀ títí, lè gé e. Bí a bá gbé rédíógíràámù ará ilé kejì kúrò, tí bàbá mi sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, Durkheim yóò gbà pé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Buddha yóò bi í léèrè ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ tí tirẹ̀ gan-an bá bàjẹ́.

Nígbà tí o bá ń tún un kọ, má wá sáré kọ ọ́ pé Durkheim ń wo òde, Buddha ń wo inú, kí o sì fi ibẹ̀ tì í. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Àwọn mọ́ńkì tó tẹ̀ lé Buddha kò dá nìkan bá òùngbẹ jà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, sangha ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, aṣọ mẹ́ta ni òfin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti ní, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nígbà tí òṣùpá bá yọ tuntun àti nígbà tó bá kún, wọn a péjọ ka òfin wọn sókè, ẹni tó bá sì ti ṣẹ̀ a jẹ́wọ́. Sọ fún mi, kí ni Durkheim ìbá pè é bí kò ṣe ohun tó ń wá gẹ́lẹ́? Ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ ti lè ní ẹran lára, o sì fò ó kọjá pẹ̀lú ìlà méjì péré.

Ohun mìíràn tún wà tí o kò kíyè sí. Durkheim fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn Buddha, ní orí kìn-ín-ní ìwé ńlá tó gbé jáde ní ọdún 1912 lórí ìpìlẹ̀ ìgbé-ayé ẹ̀sìn. Ohun tó pè é fún níbẹ̀ ni kí ó wá jẹ́rìí. Àwọn kan sọ pé ìgbàgbọ́ nínú ọlọ́run tàbí àwọn òrìṣà ni ẹ̀sìn. Durkheim dáhùn pé ẹ̀sìn ńlá kan nìyí tí ìgbàlà nínú rẹ̀ kò dúró lórí ọlọ́run kankan, tó jẹ́ pé Òtítọ́ Mẹ́rin náà ni ohun mímọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí ìyàtọ̀ láàárín ohun mímọ́ àti ohun lásán. Ẹni tó pè ọ́ wá jẹ́rìí lè má gba ìmọ̀ràn rẹ lórí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, Durkheim kò sì gba ti Buddha. Ní ọdún 1898 pàápàá, nígbà tí ọ̀rọ̀ Dreyfus, ọ̀gá ológun Júù tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké kàn, ń dá ilẹ̀ Faransé rú, ó kọ̀wé pé ènìyàn kọ̀ọ̀kan ti di ohun mímọ́ fún àwùjọ òde òní. Fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ́ anatta, tó ní kò sí ohun kan tó dúró gbọn-in tí a lè pè ní èmi, kí o tó sọ pé ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

Ní ti Weber, ìlú rẹ̀ ni o wà ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ló gbé ní ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, nítorí náà n kò bínú pé o bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n o da gbólóhùn rẹ̀ kọ láìbi í ní ìbéèrè kan. Weber kò dé Íńdíà rí. Ìwé tí àwọn mìíràn túmọ̀ ló fi kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Hindu àti Buddha, tó jáde ní ọdún 1916 àti 1917, ó sì ní ẹ̀kọ́ àwọn alágbe tó ń rìn kiri ni ẹ̀sìn Buddha ìgbà ìjímìjí, ẹ̀kọ́ tí kò bìkítà fún bí ìlú ṣe ń lọ. Lọ ka ìkarùn-ún nínú àwọn ìwàásù gígùn tó wà ní èdè Pali. Olè gba ìlú ọba kan níbẹ̀, ọba sì fẹ́ rú ẹbọ ńlá. Àlùfáà rẹ̀ sọ fún un pé pípa àti títì mọ́lé kò ní tán olè, pé kí ó fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, kí ó fún oníṣòwò ní owó ìdókòwò, kí ó sì san owó fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọba. Ọba ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń gbé ọmọ wọn jó lórí itan, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ilé wọn sílẹ̀ gbayawu. Nínú ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọba kan ṣe ohun gbogbo, àfi kí ó fún aláìní ní nǹkan: àìní bí olè, olè bí ohun ìjà, ohun ìjà bí ìpànìyàn, títí ẹ̀mí ènìyàn fi kúrú láti ẹgbàá lọ́nà ogójì ọdún di ọdún mẹ́wàá. Bí èyí kò bá jẹ́ ìmọ̀ àwùjọ, n kò mọ ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ambedkar, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ọmọ Íńdíà, mọ èyí dájú. Nígbà tí ó gba ẹ̀sìn Buddha ní Nagpur ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 1956, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún àwọn tí àwùjọ wọn kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn, kò gbà pé ìfẹ́-ọkàn ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ló fa ìyà rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Kathmandu, ó fi Buddha àti Marx wé ara wọn lójú gbogbo àwùjọ. Ó sọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ó sì sọ ibi tí òun kò ti lè bá Marx lọ, ìyẹn orí ipá. Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ rẹ rárá.

Mo rí i pé ní ìparí o fi ojú-ewé kan sọ̀rọ̀ nípa Akiwowo àti Àsùwàdà, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n wa yìí, tó kọ́ni ní Ifẹ̀, mú ẹsẹ kan láti inú ayájọ́ Ifá, ó sì fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà International Sociology ní ọdún 1986 pé a lè fi ọ̀rọ̀ wa, pé ohun gbogbo ń sù jọ kí ó tó wà, kọ́ ìmọ̀ àwùjọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló bá a jiyàn nínú ìwé kan náà lẹ́yìn náà, lórí bí ó ṣe túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ẹsẹ náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ mú àsùwà, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ Buddha pé kò sí ohun tó dá wà, o sì kọjá lọ. Má fi Yorùbá ṣe iyọ̀ tí a ń bù sí ọbẹ̀ tó ti jinná. Bí o kò bá ní àyè láti sọ ohun tí sù túmọ̀ sí nínú ẹsẹ yẹn, yọ ojú-ewé náà, kí o fi pamọ́ di ìgbà tí ìwọ yóò kọ ìwé odidi kan lórí rẹ̀.

Nítorí náà, pa gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn rẹ́. Ka orí tó wà lórí anomie lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìwé ìwàásù Sarnath ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ ojú-ewé mẹ́ta péré lórí sangha àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti Durkheim. Bí o bá fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, mo lè kà á ní Sátidé, a ó sì sọ ọ́ lórí fóònù ní alẹ́ Àìkú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti bá mi ra dátà. Jẹun dáadáa, kí o sì wọ kóòtù tí mo rà fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.